Ìwé Kékeré Ọwọ́ Àlùfáà Adelé

Ọjọ́ tí ìjọ wa ní Ajue dágbére fún àlùfáà adelé ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Ìjọba sójà là ń lò nígbà náà. Ọṣẹ wọ́n bí ojú, ọ̀rọ̀ sísọ pàápàá léwu. Bí ẹ bá bá àlùfáà yìí sọ̀rọ̀, wọn á kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Bàbá mi ló kọ́kọ́ ní, "Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Orúkọ wa ló ń kó fún àwọn sójà ní Ọ̀rẹ̀."

Lẹ́yìn orin ìdágbére, bàbá mi fò dìde. "Àlùfáà, ẹ ka ìwé yẹn sétí ìjọ kí ẹ tó lọ!"

Àlùfáà ṣí ìwé. "Ìyá Bísí, orúnkún tó ń ro wọ́n. Bàbá Àjàyí, kòkó tó ń dúdú lórí igi. Fọlá, ìdánwò."

Èmi ni Fọlá. Àdúrà tí a ní kí wọ́n bá wa gbà ni wọ́n ń kọ, kí wọ́n má baà gbàgbé!

Màmá mi rẹ́rìn-ín. "Ti ọkọ mi ńkọ́?"

Àlùfáà pa ìwé dé. "Ìyá Fọlá, ẹ má bínú. Ìyẹn kò ṣeé kà níwájú yín."

Bàbá mi jókòó jẹ́ẹ́.

Àlùfáà wọkọ̀, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà, màmá mi ló di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nílé wa.