Kọmíṣánnà Ìlera Ilé Ìyá Ìdíátù

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lu Ọláìtán Àkàngbé pa l'Ójú Ẹlẹ́gbà, kò jí nǹkan kan. Eré ìdárayá ló ń sá. Tẹ́ ẹ bá dárúkọ olóògbé náà láàárín àwọn tó gbé Súrùlérè nígbà náà, ìtàn yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ, wọ́n á sì ti máa rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó sọ ọ́ dé ìdajì.

Ọdún 1974 ni. Ọláìtán ń kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Yábàá, ó sì ń gbé Ìpọ̀nrí, nílé Ìyá Ìdíátù, níbi tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn ayálégbé. Ó ti ṣe tíṣà díẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ kó tó wá s'Ékòó, ó fi ọjọ́ orí ju àwọn yòókù lọ, ó sì gbà pé òun ni Ọlọ́run ní kó máa tọ́jú ara gbogbo wọn. Láyé ìjọba ológun ìgbà yẹn, kọmíṣánnà ni wọ́n ń pe àwọn mínísítà. Àwọn ará ilé bá fi í jẹ Kọmíṣánnà Ìlera. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n òun gba oyè náà tọkàntọkàn.

Láàárọ̀ Sátidé ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Kọmíṣánnà kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé jáde láti sáré. Ó ní ẹni tó bá ń kàwé tí kì í sáré, ọkàn ẹ̀ á di ọ̀lẹ. Òun ló ṣíwájú, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò péńpé. Sylvester, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà, ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n fi máa yọ l'Ójú Ẹlẹ́gbà, ohun táwọn èrò ibẹ̀ rí ni ọkùnrin kan tó ń sá lọ níwájú, àtàwọn tó ń lé e bọ̀ tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kó tó mọ nǹkan kan, wọ́n ti gbá a mú ní ìbàdí ṣòkòtò.

"Kí lo jí?" Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ló béèrè.

"Mi ò jí nǹkan kan. Mò ń sáré ni."

"Ta ló ń lé ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi."

"Àwọn wo wá ni ti ẹ̀yìn yẹn?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n máa sáré bọ̀ lẹ́yìn mi."

Àwọn èrò wo ara wọn. Wọn ò tíì gbọ́ irú olè bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n bá kọjú sí Sylvester, wọ́n bi í bóyá ó mọ ọkùnrin yìí. Sylvester fẹ́ sọ̀rọ̀, èémí ò jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan mú orúnkún, ó na ìka ọwọ́ kejì sí Kọmíṣánnà, ó sì ń mi orí. Ìyẹn ti tó fún wọn. Ìgbátí àkọ́kọ́ ti balẹ̀ kí Saidat, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn, tó sáré dé.

"Ẹ dákun, ẹ má lù ú. Ẹ̀gbọ́n wa ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wa, eré ìdárayá la wá sá."

Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì wò wọ́n láti orí délẹ̀. "Ẹ jẹ́ ó máa lọ. Ẹni tí nǹkan kan ò lé tó ń sáré, wàhálà tiẹ̀ ti tó o."

Wọ́n fi í sílẹ̀. Kọmíṣánnà fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wo Sylvester tí èémí ò tíì délẹ̀, ó wá kọjú sí gbogbo èrò. "Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń sọ fún wọn? Ẹni tí kì í ṣe eré ìdárayá lè fi àìlèmí pa ọ̀rẹ́ ẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan gaàrì. Ẹni tó bá ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rí á mọ̀ pé gaàrì ni wọ́n ń mu láàárọ̀, gaàrì ni lọ́sàn-án, tí nǹkan bá sì ṣẹnuure, wọ́n á fi ẹ̀pà sí ti alẹ́. Kọmíṣánnà gbọ́ níbì kan pé gaàrì àmujù ń ba ojú jẹ́. Ó gbé kàlẹ́ńdà kọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì pàṣẹ pé ẹni tí kò bá lè dúró sórí ìlà yẹn ka ohun tó wà lára kàlẹ́ńdà, ẹ̀wà ni yóò máa jẹ. Sylvester kórìíra ẹ̀wà. Ó lọ há kàlẹ́ńdà náà sórí látòkè délẹ̀, ó sì ń kà á geerege láràárọ̀. Ọjọ́ tí Kọmíṣánnà ṣí kàlẹ́ńdà sí oṣù tuntun, oṣù tó kọjá ni Sylvester ṣì ń kà.

Ariwo ẹ̀rín ọjọ́ náà ló mú Ìyá Ìdíátù, onílé, jáde wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí kànga wọn. Kọmíṣánnà ní kí Màmá náà dúró sórí ìlà.

"Kí lẹ rí lára ògiri yẹn, Mà?"

"Mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Látìgbà wo ni ò ti hàn sí yín mọ́?"

"Látìgbà tí wọ́n ti bí mi."

Ọláìtán káwọ́ lérí. Ó ní kí Màmá má ṣe fẹnu kan gaàrì mọ́ láyé. Saidat ló fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sọ fún un pé Màmá ò kàwé ni.

Ojú tì í, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í pẹ́ lára ẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya ẹran kan sára ògiri, ó tún bi Màmá ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ní ìjàpá ni. Ó ní ẹṣin ni. Ìyá Ìdíátù rìn dé ìdí ògiri, wọ́n wo àwòrán náà dáadáa, wọ́n wá yíjú wo ẹni tó yà á. "Ọmọ mi, ìwọ ló yẹ kó o fi gaàrì sílẹ̀."

Nígbà ìdánwò, ó tún burú sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà yẹn máa ń ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù tí wọ́n bá ń kàwé, kí oorun má bàa gbé wọn lọ. Kọmíṣánnà ní oorun ni oúnjẹ ọpọlọ, ó bá kó gbogbo bàsíà ilé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, títí kan èyí tí Ìyá Ìdíátù fi ń fọṣọ. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí Màmá fi ń bú olè tó jí bàsíà wọn, Kọmíṣánnà sì ń ṣe àmín sí gbogbo èpè náà, nítorí kò tiẹ̀ sí lọ́kàn ẹ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Àwọn kan pè é ní aláṣejù. Aláṣejù náà ni, mi ò ní torí pé ó ti kú kí n wá purọ́. Ṣùgbọ́n Sylvester nìkan ló mọ ibi tí àṣejù yẹn ti wá. Ọláìtán ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Abọ́dúndé, tí ikọ́ ife pa l'Ógbómọ̀ṣọ́. Abọ́dúndé fi ikọ́ náà pamọ́ fún ará ilé. Tó bá fẹ́ wúkọ́, á jáde lọ sẹ́yìnkùlé, á ní òun fẹ́ ṣẹ́gi. Nígbà tí wọ́n fi mọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ọláìtán sọ ọ́, kò sì sọ ọ́ mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò pọ̀, ẹ̀fọn sì bo Ìpọ̀nrí. Kọmíṣánnà ò fẹ́ oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń tà. Ó lọ kó ìyẹ̀fun pákó wá láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Mákòókò, ó sá èèpo ọsàn gbẹ, ó pò wọ́n pọ̀ sínú agolo mílíìkì, ó sì finá sí i nínú yàrá. Ó wá ti fèrèsé, ó fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn kí èéfín má bàa ṣòfò, ó sì jókòó sáàárín ẹ̀, ó ń kàwé. Sylvester ò lè fara dà á, ó kó ẹní ẹ̀ lọ sí pálọ̀. Kọmíṣánnà ní ẹni tó bá fẹ́ràn ibà kó máa lọ.

Ìgbà tó yá, ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní Kọmíṣánnà ń wúkọ́, ta ni yóò wá tọ́jú ìlú. Ṣùgbọ́n ikọ́ náà ò lọ. Ọláìtán bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Kò kó ẹnikẹ́ni sáré mọ́ ní Sátidé. Saidat ló ṣàkíyèsí pé ó ti ya ife àti àwo tiẹ̀ sọ́tọ̀, àti pé tó bá fẹ́ wúkọ́, ẹ̀yìn kànga ló ń lọ. Nígbà tí Saidat sọ ọ́ fún Sylvester, Sylvester rántí Abọ́dúndé. Ilé wá dákẹ́. Ẹni tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ò yọ wọ́n lẹ́nu mọ́, wọn ò sì gbádùn ẹ̀ rárá.

Àkókò yẹn gan-an ni iléèwé ẹ̀ kéde pé gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣe àṣekágbá ìdánwò gbọ́dọ̀ lọ ya àwòrán tí wọ́n fi ń wo inú àyà. Ẹni tí àyà ẹ̀ ò bá mọ́, ilé ni yóò lọ títí ara ẹ̀ á fi yá. Gbogbo èèyàn lọ, ó ku Ọláìtán.

"Ìgbà wo lo máa lọ yà á?" Sylvester béèrè.

"Mà á lọ. Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Iṣẹ́ wo?"

Ọláìtán pa ìwé tó ń kà dé. "Sylvester, ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n máa rí níbẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò yìí tán, jọ̀ọ́. Ìyá mi ò ní ọmọkùnrin mìíràn mọ́. Tí wọ́n bá rí i tí mo padà sílé báyìí, òun ló máa kọ́kọ́ kú."

"Tó o bá ṣe ìdánwò tán tó o wá kú ńkọ́?"

Ọláìtán tún ṣí ìwé ẹ̀. Saidat wà lẹ́nu ọ̀nà, omi ti wà lójú ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ bá ń kàwé níbi tí mo ti ń wo yín báyìí, ẹ ò ní kà á gbádùn. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìyá Ìdíátù ló yanjú ẹ̀. Wọ́n gba ìró wọn mọ́ra, wọ́n dúró gbọn-in sẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Ọláìtán, o ní kí n dúró sórí ìlà lójú gbogbo ayálégbé mi, mo dúró. Ìwọ náà lọ dúró síwájú ẹ̀rọ wọn." Èyí ò ṣeé jiyàn sí. Ó wọ bàtà ẹ̀.

Àwọn mẹ́ta ló lọ sílé ìwòsàn ìjọba, òun, Sylvester àti Saidat. Wọ́n ya àwòrán náà, wọ́n tún gba itọ́ ẹ̀, wọ́n ní kó padà wá gbọ́ èsì. Lọ́jọ́ tó fi padà lọ, ìparí bẹ́ǹṣì lọ́hùn-ún ló jókòó sí, ó ní káwọn méjèèjì má sún mọ́ òun. Saidat ń gbàdúrà lábẹ́nu. Sylvester kàn ń wo ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, àwọn méjèèjì bá a wọlé láìtọrọ àyè.

Dókítà náà, ìyá àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú, gbé àwòrán náà sójú fèrèsé. "Àyà ẹ mọ́. Itọ́ ẹ náà mọ́. Kò síkọ́ ife lára ẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ tún un wò. Bóyá tẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún yín."

"Orúkọ ẹ ló wà lára ẹ̀."

"Ọwọ́ òsì yẹn ńkọ́, Mà? Kí ló funfun ńbẹ̀ yẹn?"

"Egungun ìhà ẹ ni. Ṣé o ò fẹ́ kó wà níbẹ̀ ni?" Dókítà gbé àwòrán náà sílẹ̀. "Ọ̀nà ọ̀fun ẹ ló bó. Kí lẹ ń dáná sun nínú yàrá?"

Ọláìtán wo Sylvester. Sylvester wo òkè àjà.

"Èèpo ọsàn ni, Mà, àti ìyẹ̀fun pákó. Nítorí ẹ̀fọn ni."

"O máa ń ṣí fèrèsé, àbí?"

"Rárá o, Mà. Èéfín ẹ̀ á jáde."

Dókítà bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀fọn lò ń bá jà, ara ẹ lò ń lù. Ṣí fèrèsé ẹ, ọmọ. Tí ikọ́ yìí ò bá lọ láàárín oṣù yìí, padà wá."

Ikọ́ náà lọ. Ó ṣe ìdánwò, ó yege, ó kọ́ ilé káàkiri Súrùlérè àti Mushin títí ó fi fẹ̀yìn tì. Fèrèsé tó máa ń fi sílé pọ̀ débi pé onílé kan bi í ibi tí òun máa gbé kọ́bọ́ọ̀dù sí, ó ní kí kọ́bọ́ọ̀dù dúró síta. Ìyá ẹ̀ wà láyé títí ó fi sin ín bó ṣe yẹ. Òun náà di bàbá àgbà, ó sì kú lórí bẹ́ẹ̀dì ara ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ ogbó lásán.

Ṣùgbọ́n tí Saidat bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, kì í sọ ti fèrèsé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde lọ́dọ̀ dókítà ló máa ń sọ. Sylvester rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún, nọ́ọ̀sì kan sì ní kó lọ pariwo síta. Ọláìtán ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, sáàárín àwọn méjèèjì lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, oorun sì gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti sùn dáadáa gbẹ̀yìn.

Sylvester ní àwọn á pẹ́ dé kíláàsì. Saidat ní kó jẹ́ kó sùn. Wọ́n jókòó tì í. Níbẹ̀ ni Sylvester ti sọ ọ̀rọ̀ Abọ́dúndé fún Saidat, Saidat sì wá mọ̀ pé gbogbo eré òwúrọ̀, gbogbo kàlẹ́ńdà àti ọ̀rọ̀ bàsíà, ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin yìí kí ọ̀kan nínú àwọn má kú mọ́ ọn lójú. Ó ní ìfẹ́ ẹ̀ kún inú òun lọ́jọ́ náà.

Oòrùn ti yí sápá kejì kí Ọláìtán tó jí. Ó nu ẹnu, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

Wọ́n ní àwọn ò tíì jẹun.

Inú bí i. Ó ní báwo ni èèyàn tó mọ̀wé ṣe máa jókòó látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìfi nǹkan kan sẹ́nu, ó ní ibẹ̀ ni egbò inú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó bá wọn wí láti ilé ìwòsàn títí wọ́n fi dé Yábàá. Wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bó ṣe ń lọ sókè, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn nínú àwọn méjèèjì, nítorí wọn ò fẹ́ kó dákẹ́.