Ọ̀nà Tí Munirat Bá Wọn Là Lápá Ẹ̀pẹ́

Nígbà tí wọ́n pe Munirat pé ìyá rẹ̀ ti ṣubú lulẹ̀ nídìí ààrò tó ti ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, bébà ló ń ká lọ́wọ́. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń ká ojú ìwé tí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀ jáde, tó sì máa ń tò wọ́n léra kí wọ́n tó fi pín-ìn gún un. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lórí fóònù dáadáa. Ó ní, "Mo ń bọ̀." Ó wá jókòó padà, ó ká gbogbo bébà tó kù níwájú rẹ̀ tán, ó fọ ọwọ́, kó tó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Bàrígà. Kó tó débẹ̀, Modinat, ìyá rẹ̀, ti kú. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Kò sunkún. Wọ́n sin òkú náà kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sunkún. Wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, ó gbé omi fún àlejò, ó bu ìrẹsì, ó fọ abọ́. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ń wò ó, wọ́n ń wo ara wọn. Rashidat, àbúrò ìyá rẹ̀ tó wà lára wọn, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Munirat, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́?"

"Kò sí, Àǹtí."

Òótọ́ ló sọ. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Bí ìgbà téèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ náà fi kú tipiri ló rí. Èèyàn mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un, kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Láti kékeré ló ti wà nínú ẹgbẹ́ Síkáòtù ní Bàrígà. Ìyá rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ẹ, ó máa ń bi í pé irú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ wo lèèyàn ń ṣe nínú oòrùn, síbẹ̀ òun náà ló ń bá a lọ aṣọ káákì rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó di ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ tó kéré nínú ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn àti bí wọ́n ṣe ń di ojú ọgbẹ́. Ṣáájú ikú yẹn ni Bámilóyè, ọ̀gá wọn, ti sọ pé àwọn yóò lọ la ọ̀nà ẹsẹ̀ sínú igbó ọba kan, igbó tí ìjọba ń dáàbò bò, lápá Ẹ̀pẹ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú lè máa gbà á rìn, kí wọ́n máa wo igi àti ẹyẹ. Munirat ti ní òun máa lọ. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó di ẹrù rẹ̀.

"O lè jókòó sílé," Bámilóyè sọ fún un. "Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ẹ."

"Mo ti ní mò ń lọ, sà."

Inú kíláàsì ilé ìwé kan létí igbó ni wọ́n sùn sí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Bàbá Ọdẹ́túnjí, ẹ̀ṣọ́ igbó náà, á ṣíwájú wọn, á fi igi tí wọ́n ti so àkísà pupa mọ́ hàn wọ́n. Àwọn tó mú àdá á máa ṣán igbó níwájú, àwọn tó mú ọkọ́ á máa tú gbòǹgbò lẹ́yìn wọn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n á dábùú ìtì igi kí òjò má baà wọ́ erùpẹ̀ lọ. Wọ́n ń kọrin bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, Munirat náà ń gbè é. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, kò mọ̀ àfìgbà tí ẹnì kan rí ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀rú ọkọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé ibi àbàtà, Fuad, ọmọ tó kéré jù nínú wọn, fi àdá ṣá okùn igbó kan tó le. Àdá náà yọ̀, ó bà á lójúgun. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Àwọn ọmọ yòókù figbe ta. Bámilóyè fa fóònù yọ, kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Munirat gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó tú síkáàfù ọrùn rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà, ó dì í, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé orí ìtì igi.

"Fuad, ojú mi ni kó o wò. Má wo ẹsẹ̀."

"Àǹtí Munirat, ṣé mo máa kú ni?"

"Rárá. Wọ́n máa rán an."

Bí ẹni tó ń ní kí wọ́n bá òun mú iyọ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n gé ọ̀pá méjì, ó ki ọ̀pá náà bọ apá àwọn ṣẹ́ẹ̀tì káákì, wọ́n tẹ́ Fuad sórí rẹ̀, wọ́n gbé e. Ọ̀nà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn là ni wọ́n gbà jáde. Ẹnikẹ́ni ò kọsẹ̀, nítorí wọ́n ti tú gbòǹgbò ibẹ̀ kúrò. Ní títì, Bàbá Ọdẹ́túnjí dá ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ dúró, ọkọ̀ náà gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n sì rán ẹsẹ̀ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Oyèbísí, ìyá Fuad, dé láti Bàrígà. Ó di Munirat mú, kò tètè fi í sílẹ̀.

"Ọkàn ẹ le, ọmọ mi. Ọlọ́run ló fi ẹ́ síbẹ̀."

Bámilóyè náà yìn ín lójú gbogbo wọn pé ó láyà. Munirat dúpẹ́. Ó mọ̀ pé kì í ṣe àyà. Ẹ̀rù ni kò wá. Bó ṣe máa ń wo yíǹkì lọ́wọ́ ara rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló ṣe wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn. Nígbà tó ro ọ̀rọ̀ náà lọ, ó fẹ́ dẹ́rù bà á, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ọ̀hún jìnnà, bíi rédíò tó ń sọ̀rọ̀ nílé kejì.

Ó bọ́ síta, ó bá Bàbá Ọdẹ́túnjí lórí bẹ́ǹṣì.

"Bàbá, ìyá mi kú láìpẹ́ yìí. Mi ò tíì sunkún."

Bàbá náà bi í pé, "Ṣé o ti jẹun lónìí?"

"Mi ò rántí, sà."

Ó dìde, ó lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà wá. Munirat ò mọ adùn rẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán. Bàbá náà jókòó tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán.

Àwọn òbí kan wá mú ọmọ wọn lọ. Àwọn tó kù la ọ̀nà náà parí, Munirat wà pẹ̀lú wọn. Nígbà tó padà sí Ṣómólú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká bébà lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó máa ń lọ bá Rashidat yí ẹja lórí ààrò ní Ìlàjẹ.

Lẹ́yìn òjò, wọ́n ránṣẹ́ wá pé koríko ti ń bo ọ̀nà náà. Munirat wà lára àwọn tó lọ ro ó. Níbi àbàtà, lórí ẹrẹ̀ tó ti ń gbẹ, ó rí ipa bàtà. Ti ọmọdé wà níbẹ̀, ti àgbàlagbà wà níbẹ̀, ti àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí, tí wọ́n ti ń gba ọ̀nà náà rìn. Ó dúró wò ó. Ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ kọjá kó má baà tẹ̀ ẹ́ rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán koríko.