Ọjọ́ tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Ọpẹ́ẹ́rẹ́

Òórùn epo dísù àti ẹrẹ̀ etí omi ló máa ń jí mi láàárọ̀ ní Port Harcourt. Ara ẹ̀wù iṣẹ́ bàbá mi ló ti ń wá. Màmá mi ò gbà kí ẹ̀wù náà wọ yàrá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń fi kọ́, afẹ́fẹ́ á sì gbé òórùn rẹ̀ wá bá mi lórí ẹní. Bí mo bá ti gbóòórùn yẹn, mo ti mọ̀ pé bàbá mi ò tíì jáde, àti pé tí mo bá tètè bọ́jú, a jọ máa lọ ni.

Ogun ṣì ń jà lọ́dún 1969 yẹn, ṣùgbọ́n ó ti kúrò nínú ìlú tiwa. Bàbá mi ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, iṣẹ́ náà ló kó wa wá láti Ìwó. Sójà ló kún ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wa. Mo máa ń yọjú lójú wíńdò, aṣọ wọn ni wọ́n sá sórí bẹ́ǹṣì. Bàbá mi wá ní òun ò lè máa wò mí níran, òun á máa mú mi káàkiri títí wọn á fi ṣí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ara ọkọ̀ ojú omi ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, nítorí kò sí èyí tí a máa kọjá tí kò ní sọ pé, "Ka orúkọ rẹ̀ fún mi." Tó bá ń lọ wá irin ní Rumuokoro, ọ̀nà ibẹ̀ náà ti di kíláàsì nìyẹn. Kí ló dé tí ilẹ̀ ibí fi pọ́n? Igi wo ni ìyá yẹn fi ń yan ẹja? Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, á ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá náà fúnra rẹ̀. Òwe kan ò wọ́n lẹ́nu rẹ̀: "Bí ọmọdé ò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun."

Màmá mi ò gba tiẹ̀. Ó fẹ́ kí n padà sí Ìwó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí n lọ jókòó sí kíláàsì gidi. "Bàbá Délé, ọmọ yìí ti ń di ọmọ ìta," ló wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Lóòró gangan ló dúró kí mi láàárọ̀. 'Mama, how body?' ló wí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde o." Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa lọ sí Amadi-Ama, abúlé ẹ̀bá omi tí òun ti fẹ́ lọ tún ẹ́ńjìnnì ṣe, lọ́jọ́ kejì, kó fojú ara rẹ̀ rí i kó tó dájọ́. Ó gbà. Mi ò fẹ́ lọ sí Ìwó rárá. Mo pinnu pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, màmá mi máa rí ẹ̀kọ́ ilé lára mi lọ́jọ́ náà.

Ọkọ̀ ọpẹ́ẹ́rẹ́ la wọ̀. Bàbá arúgbó kan ló ń tù ú, ó jókòó sí ìdí ọkọ̀. Bàbá mi kọ́kọ́ wọlé, màmá mi tẹ̀ lé e, ó di etí ọkọ̀ mú gírígírí. Èmi ni mo wọ̀ kẹ́yìn. Mo rí àgbàlagbà, mo rí ojú màmá mi lára mi, ni mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá." Ọkọ̀ fì sápá kan, omi ya wọlé, ó sì bá ìró màmá mi dé ìbàdí.

Bàbá arúgbó náà fi àjẹ̀ gúnlẹ̀ títí ọkọ̀ fi dúró. "Small man, sidon," ló wí. Kò bínú. "For inside water, na sidon be respect."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Màmá mi fún ìró rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa títí a fi dé Amadi-Ama. Gbogbo àkókò tí bàbá mi fi ń tú ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, mo jókòó bí ẹni tí wọ́n ti di ẹrù rẹ̀.

Ìgbà tí à ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́ ni màmá mi ṣàdédé lanu. Ó ti ń wo omi láti ìgbà tí a ti wọkọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀hún kọ́ ni odò yìí ń ṣàn lọ láàárọ̀? Kí ló yí i padà?" Odò Ọbà tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ní Ìwó, ibi kan náà ló ń ṣàn lọ látọjọ́ tó ti dáyé. Bàbá mi fẹ́ dáhùn, ó pa ẹnu dé, ó wò mí.

Orí ìjókòó mi ni mo wà, mi ò mira. "Òkun ni, Màmá. Ó máa ń tì í wá, á tún fà á padà. Bàbá ní òṣùpá ló ń darí ẹ̀."

"Òṣùpá wo, lójú oòrùn?"

Mo nàka sókè. Ó wà níbẹ̀, ó funfun, ó dà bí ègé iṣu. Màmá mi wò ó, ó wo omi, ó tún gbójú sókè. "Irọ́ ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Àfi tí mo bá padà wá wò ó."

Lọ́jọ́ kejì, òórùn dísù jí mi. Mo bá màmá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ró ìró mìíràn, ó ti di oúnjẹ sínú abọ́. "Ẹ̀yin méjèèjì ò tíì ṣe tán?" ló wí. "Mo fẹ́ lọ wo ibi tí omi yẹn dé." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bọ́jú. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ìwó mọ́ títí wọ́n fi ṣí ilé ẹ̀kọ́.

Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà náà lọ dáadáa. Mo ka ìwé, mo sì fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àmọ́ Délé kékeré yẹn ní ohun kan tí mo ti sọ nù sọ́nà: kì í tijú àìmọ̀. Èmi àgbà, bí wọ́n bá bi mí ní ohun tí mi ò mọ̀, mo máa ń húkọ́, mo máa ń yí ọ̀rọ̀ po. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀fọ́ inú ọgbà wa fi ń yíjú sí oòrùn. Mo ti húkọ́ tán kí n tó rántí màmá mi, pẹ̀lú ìró tó tutù lára rẹ̀, tó ń béèrè ọ̀rọ̀ odò.

"Mi ò mọ̀," mo ní. "Wọ bàtà ẹ, ká lọ béèrè."