Ihò Abẹ́ Pọ́ǹpù

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Òòlù, nítorí pé láti kékeré, orí ló fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Á tẹ orí ba, á sáré, á sì kan ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́ níkùn, gbì! Nígbà tó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì tán tó sì dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, orúkọ náà bá a débẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá há, òòlù ni. Bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá ń han, òòlù náà ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí orí bá ń fọ́ ẹ, má jẹ̀ẹ́ kí Òòlù gbọ́.

Ẹ̀rín yẹn kò dé ilé rẹ̀ o. Ọwọ́ tó yá ju ẹnu lọ kì í mọ ilé yàtọ̀ sí òde. Ó ti yọ eyín wẹ́dà kan nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀, ó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀, ó fọ́ ọ létí tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà fi ṣubú lu ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di aṣọ rẹ̀, ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rù, ó sì kọjá sílé bàbá rẹ̀. Ẹni tó ń lọ kí bàbá rẹ̀ kì í gbé ẹ̀rọ ìránṣọ dání. Ìgbà tí Òòlù rí i pé tábìlì ẹ̀rọ náà ṣófo ni ẹ̀rù tó bà á.

Ó rán àgbààgbà títí ó fi sú wọn. Bàbá ìyàwó rẹ̀ kò lé wọn, kò sì dá wọn lóhùn. Káfíńtà ni bàbá náà kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ kan bí ẹni fẹ́ràn ọmọ. Ọkọ̀ náà ju ìyàwó Òòlù lọ lọ́jọ́ orí. Àfi bí Òòlù ṣe rí i lójijì láàárọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá náà wa ọkọ̀ ọ̀hún wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù, tí epo bẹntiróò ń kán tó, tó, tó lábẹ́ rẹ̀.

"Mi ò wá bá ẹ jà," ni bàbá náà wí. "Pọ́ǹpù epo ló ń jò. Ọmọ mi ní o ò mọ nǹkan kan tún ṣe láyé ẹ, pé bíbà á jẹ́ nìkan lo mọ̀. Mo ní ká wò ó ná. Tún un ṣe. Lọ́la, mo máa mú òun fúnra ẹ̀ wá síbí. Tó bá rí i pé o fara balẹ̀ ṣe é, á bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Ẹ ṣeun, Bàámi. Ọ̀la ti pẹ́ jù gan-an!"

Ó yẹ kó pa ẹnu mọ́. Ó tú pọ́ǹpù náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ṣí i, ó sì rí ohun tó ń ṣe é. Rọ́bà fẹ́lẹ́ tó wà nínú rẹ̀, tó máa ń lọ sókè sódò láti fa epo wá láti inú táǹkì, ti ya. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni epo ń gbà jáde nígbà tí rọ́bà bá ya. Ọ̀gá tó kọ́ Òòlù níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé ẹnu ni ihò yẹn, òun ni pọ́ǹpù fi ń ké pé inú òun ti bàjẹ́. Ẹni tó bá dí i, epo á yà sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì á ṣàn bí omi, ooru epo á sì kún inú ẹ́ńjìnnì, á máa wá iná kiri.

Ó kọjá sọ́dọ̀ Ojúlówó, ọmọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní òdìkejì títì. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ohun tó ń tà tí kì í búra sí.

"Rọ́bà ọkọ̀ àtijọ́ yìí ò sí nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fún mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀la ni mo ní kí n lò ó!"

"Ṣé kí n bó awọ ara mi fún yín ni?"

Òòlù fa aṣọ rẹ̀ lọ́rùn, ó sì gbé e lu pákó ọjà. Páálí ń já lu àwọn méjèèjì lórí. Nígbà tó jù ú sílẹ̀, Ojúlówó ń fọwọ́ ra ọrùn. "Ẹ sọ fún bàbá yẹn kí wọ́n ní sùúrù," ló wí. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán náà ni."

Ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ló wúwo jù. Bó bá ní kí bàbá náà dúró, ó dà bíi kó gbà pé òótọ́ ni ìyàwó rẹ̀ sọ. Ó dá rọ́bà tó ya padà sínú pọ́ǹpù, ó de pọ́ǹpù náà mọ́ àyè rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù sí ihò abẹ́ rẹ̀, ó ki bóòtù kékeré kan bọ̀ ọ́, ó sì gbé òòlù. Gbà, gbà, gbà. Epo ò kán mọ́. Ó mọ ohun tó ṣe o, kí ẹnikẹ́ni má gbèjà rẹ̀. Ó kàn gbà pé bí wọ́n bá ti wò ó tán, tí ìyàwó òun bá ti padà, òun á ra tuntun sí i.

Lọ́jọ́ kejì, baba àtọmọ fi ẹsẹ̀ rìn wá. Ìyàwó rẹ̀ kí i láìwo ojú rẹ̀.

"Rọ́bà tuntun ni mo fi sí i, Bàámi. Ojúlówó ló tà á fún mi."

Bàbá náà fi ìka nu abẹ́ pọ́ǹpù, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, kò sí epo kankan. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, jókòó sídìí sítíárìn, ṣáná sí i ká gbọ́."

Ẹ́ńjìnnì náà dún dáadáa. Ó pẹ́ díẹ̀ tó ti ń dún, bàbá náà gbé ọwọ́ lé e bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ẹṣin lára. Òòlù wo inú gíláàsì, ó rí i pé ìyàwó òun ń wo òun, ojú rẹ̀ sì ti rọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

"Tẹná mọ́ ọn!" ni bàbá náà ké.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà húkọ́, lẹ́yìn náà ló bú gbòlà! Ọmọrí ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí fò lọ, iná sì tú jáde láti ibẹ̀. Bàbá náà ṣubú sẹ́yìn, irun ojú rẹ̀ ti jó. Iná ran rọ́bà, ó ran wáyà, ó sì gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wọlé. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ àtijọ́ náà há. Obìnrin náà ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu gíláàsì, ó ń pariwo orúkọ bàbá rẹ̀.

"Dorí kodò!" Òòlù fi òòlù fọ́ gíláàsì náà, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mú ìyàwó rẹ̀ lábíyá, ó sì fà á gba ojú fèrèsé jáde. Gíláàsì la apá rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Àwọn ará àdúgbò ń da iyanrìn sí iná, wọ́n ń pariwo pé akọni ni, pé ọkọ gidi ni. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé," ló ń sọ. "Màá bá yín lọ sílé."

Ohun tó ń wá nìyẹn, ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Bàbá náà dìde. "Rọ́bà tuntun! Àbí ayédèrú! Ibo ni Ojúlówó tó tà á wà?"

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ tí àwọn èrò fi ya lu Ojúlówó nínú ìsọ̀ rẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ jáde, ẹ̀ṣẹ́ ń bọ̀ lọ́tùn-ún, ìpá ń bọ̀ lósì. Ó ń ké pé òun ò ta nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ta ló ń gbọ́? Ètè rẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ bo àyà rẹ̀. Òòlù dúró, ìyàwó rẹ̀ wà láyà rẹ̀, kò sì sí ohun tó ní í ṣe ju kó dákẹ́ lọ. Ó sì dákẹ́, ó dákẹ́ títí ẹnìkan fi gbé irin jáàkì sókè sí orí ọmọkùnrin náà.

Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sì ṣubú bo Ojúlówó mọ́lẹ̀. Irin náà bà á léjìká.

"Ẹ fi í sílẹ̀! Kò ta nǹkan kan fún mi! Rọ́bà tó ya yẹn náà ni mo dá padà. Èmi ni mo dí ihò ẹ̀!"

Àwọn èrò fi Ojúlówó sílẹ̀. Bàbá náà wá síwájú, ó ní kó dìde, ó sì fọ́ ọ létí. Ó tún fọ́ ọ. Àwọn èèyàn sún sẹ́yìn, nítorí wọ́n mọ Òòlù, wọ́n mọ ohun tí wẹ́dà ṣe tó fi pàdánù eyín. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ìka. Bàbá náà gbá a nígbà kẹta.

"Ẹ má bínú, Bàámi," ló wí, kò sì gbé ọwọ́ kankan.

Ìyàwó rẹ̀ wá dúró níwájú rẹ̀. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ló ń wò, ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Àṣé ẹ lè dá ọwọ́ yín dúró," ló wí.

"Mo lè dá a dúró," ni Òòlù yára dáhùn. Ó rò pé ó ń yin òun ni.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò dá a dúró fún mi?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó di bàbá rẹ̀ lápá mú, àwọn méjèèjì sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé.