Bí Mo Ṣe Sọ Ìtàn Afárá Brooklyn ní Kíláàsì Kẹfà

Òórùn dòdò ló jí mi láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó sì yà mí lẹ́nu, torí pé ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n máa ń dín dòdò nílé wa. Ní Gesundbrunnen, àdúgbò wa ní Berlin nígbà yẹn, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá bọ́ sínú epo ní àjà kẹta, àwọn ará ìsàlẹ̀ á ti gbọ́ òórùn ẹ̀. Mo sáré wọ kíṣìnì. Mọ́mì dúró nídìí sítóòfù, wọ́n ń kọrin ìyìn, wọ́n sì bu èyí tó pọ̀ jù lọ síwájú mi.

Ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n lọ rí tíṣà mi níléèwé. "Tíṣà ẹ ní o dákẹ́ jẹ́ẹ́," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní o kì í sọ̀rọ̀ rárá, pé ilẹ̀ lo máa ń wò tí wọ́n bá ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní, 'Danke schön, mà!' Morẹ́nikẹ́, o ò dójú tì mí."

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nílùú òyìnbó á mọ ìdí ayọ̀ yẹn. Ọmọ tí kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà, tí kì í tẹjú mọ́ àgbà, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Mọ́mì kì í sì í jẹ́ kí n jáde láìsọ pé, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Mo kó ẹ̀ṣọ́ tèmi dé iléèwé, mo jókòó tì í, mo pa ẹnu mi mọ́. Mo mọ ìdáhùn o. Mi ò kàn lè máa ju ọwọ́ sókè kí n máa pariwo "Ich! Ich!", ìyẹn "Èmi! Èmi!", bíi ti àwọn yòókù. Lójú mi, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wọn.

A ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí Dádì ti ibi iṣẹ́ dé. Wérháòsì kan ní Spandau ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, àárọ̀ ni wọ́n máa ń wọlé. Mọ́mì bu oúnjẹ fún wọn, wọ́n sì ròyìn tẹ̀ríntẹ̀rín. Dádì ní kí wọ́n tún un sọ, wọ́n wá fi ṣíbí sílẹ̀.

"Ìyá Morẹ́nikẹ́, wọn ò yìn ín o. Níbí yìí, ẹnu ni wọ́n fi ń gba máàkì. Ọmọ tí kò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kò mọ nǹkan kan ni."

Kíláàsì kẹfà ni mo wà. Nígbà òtútù ọdún yẹn, tíṣà máa sọ iléèwé tó yẹ kí kálukú wa lọ. Iléèwé tí wọ́n ń pè ní Gymnasium ni ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì tààrà, ibẹ̀ ni ọkàn mi sì wà tọ̀sán-tòru. Mọ́mì pa iná sítóòfù. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọmọ mi ló wá fẹ́ dí i lọ́nà?" Omi lé sójú wọn. Ó dùn mí ju kí wọ́n nà mí lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Lẹ́yìn ọlidé oṣù kẹwàá, olúkúlùkù wa máa dúró níwájú kíláàsì sọ Referat, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ọmọ fúnra ẹ̀ ṣèwádìí ẹ̀, máàkì ẹ̀ sì pọ̀. Afárá Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, ni mo mú. Mo ti rí àwòrán ẹ̀ ní láíbìrì, mo sì kà á pé ọmọ Jámánì ló yàwòrán ẹ̀, pé Berlin wa yìí ló ti kàwé kó tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Àjèjì bíi tiwa ni, mo bá fẹ́ràn ẹ̀.

Ní ọlidé, Mọ́mì fi mí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn ní Hamburg. Bíìgì Mọ́mì là ń pè wọ́n, àwọn ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn. Ọjọ́ kejì tí mo dé, wọ́n mú mi lọ sínú ihò àtijọ́ tó gba abẹ́ odò Elbe kọjá. A ń rìn, ẹja àti akàn tí wọ́n fi amọ̀ mọ wà lára ògiri, ọkọ̀ ojú omi ń kọjá lórí wa. Mo ṣàlàyé fún wọn pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi lé omi sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ibẹ̀, pé ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n dá ní Brooklyn. Bíìgì Mọ́mì dúró. Wọ́n ní, "Gbogbo èyí wà nínú ẹ, o wá ń wolẹ̀?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n kó àwọn ọmọdé jọ nínú aṣọ funfun wọn kí n sọ ọ̀rọ̀ afárá náà fún wọn, àwọn àgbà díẹ̀ sì dúró láti gbọ́. Ojú mi bá tún wálẹ̀. Bíìgì Mọ́mì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ṣé àgbà ni mí àbí mi ò kì í ṣe àgbà? Tí àgbà bá ní kó o sọ̀rọ̀, tó o wá dákẹ́, àìgbọràn nìyẹn. Tíṣà ẹ náà, àgbà ni. Oya, wò mí lójú."

Kò sẹ́ni tó ti là á yé mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo padà síwájú àwọn ọmọ náà. Mo ní odò tí afárá náà gba orí ẹ̀ kọjá fẹ̀, ọkọ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá, wọn ò lè to òpó kún un, torí náà òpó gìrìwò méjì péré ni wọ́n kọ́. Kí òpó má bàa rì, wọ́n kan àpótí igi ńlá tí kò nísàlẹ̀, wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ odò, wọ́n ń fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí omi má wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú ẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń to òkúta lé e lórí ló ń wọlẹ̀ sí i. Bíìgì Mọ́mì bu omi sí garawa, wọ́n ní kí n ki tíṣù sí ìdí ife, kí n dojú ife dé sínú omi. Tíṣù kò tutù. Àwọn ọmọ ní kí n tún un ṣe.

Mo sọ ti wáyà tínínrín tí wọ́n fà láti etí odò kan dé èkejì títí ó fi di okùn tó nípọn ju ara èèyàn lọ, tí wọ́n wá so ọ̀nà rọ̀ mọ́. Bíìgì Mọ́mì gbè é lẹ́sẹ̀: "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!" Mo sọ bí ẹni tó yàwòrán ṣe kú kí iṣẹ́ tó jinlẹ̀, tí ọmọ ẹ̀ gbà á ṣe, tí àìsàn tí afẹ́fẹ́ inú àpótí fà dá òun náà mọ́lé, tí ìyàwó ọmọ náà kọ́ iṣẹ́, tó ń bá ọkọ ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ títí afárá fi parí. Òun ló kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin kọjá, ó gbé ààyè àkùkọ dání láti fi yọ̀. Ọmọ kan ní, "Haben sie den Hahn gegessen?", ìyẹn ni pé ṣé wọ́n jẹ àkùkọ náà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Referat dé ní Berlin. Mo gbé garawa omi, ife àti tíṣù síwájú kíláàsì, mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa títí mo fi dé ibi àpótí. Ọmọkùnrin kan kígbe, "Quatsch! Irọ́ ni! Omi á wọlé!" Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ojú mi tún wálẹ̀, mo sì fẹ̀gbẹ́ ojú rí i tí tíṣà mú bíírò láti kọ máàkì. Mo sọ fún ara mi pé, àgbà ló ní kó o sọ̀rọ̀. Mo gbójú sókè, mo wo tíṣà tààrà. Aláwọ̀ ewé ni ẹyinjú wọn. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń kọ́ mi, mi ò mọ̀. "Bitte, kommen Sie," ni mo wí, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ máa bọ̀ níwájú. Wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n fọwọ́ ara wọn ri ife bọ garawa, wọ́n fa tíṣù yọ, wọ́n gbé e sókè fún gbogbo kíláàsì. "Trocken!" ni wọ́n wí, pé ó gbẹ. Àtẹ́wọ́ sọ. Ọmọkùnrin yẹn gan-an pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé aago lù, mi ò dákẹ́.

Nígbà òtútù, Mọ́mì tún lọ rí tíṣà. Wọ́n fajúro dé. "Wọ́n ní ẹnu ẹ ò dákẹ́ mọ́. Ṣé èyí dáa báyìí?" Dádì bi wọ́n pé iléèwé wo ni tíṣà dárúkọ. "Gymnasium ni wọ́n sọ." Dádì pariwo débi pé aládùúgbò ṣílẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ló tó yé Mọ́mì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó látorí àtẹ̀gùn wọlé, wọn ò tilẹ̀ bọ́ kóòtù.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Iṣẹ́ mi ní Schöneberg, ní Berlin níbí, kí n máa bá àwọn ọ̀gá jiyàn nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ni, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì rò pé wọ́n bí ìgboyà mọ́ mi ni. Ìgboyà tèmi báyìí kò ná mi ní nǹkan kan, torí kò sóhun tó ń bà mí lẹ́rù mọ́ nínú yàrá tá a ti ń jiyàn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà yẹn, ẹ̀rù bà á, ó sì gbójú sókè síbẹ̀. Tó bá di ti ìgboyà, nínú èmi àti ẹ̀, òun ni ẹ̀gbọ́n.