Irú Adìẹ Ìyá Mi

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ooru Kano ṣe le tó, ẹ má bi ènìyàn. Ènìyàn á purọ́, á ní ó ti mọ́ òun lára. Adìẹ ni kí ẹ wò. Yóò la ẹnu sílẹ̀, yóò na apá méjèèjì, yóò sì máa mí gúlegúle bí ẹni tó sáré dé láti ọ̀nà jíjìn.

Ìyá mi ló ń sin adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Sabon Gari, nínú ilé tí bàbá bàbá mi kọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Àgbébọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀, ìyá tirẹ̀ ló fún un nígbà tó lọ sílé ọkọ: adìẹ pupa tó ní àmì funfun tótòtótó lára. Ìyá mi fẹ́ kí adìẹ dùn ún wò. Tó bá ti rí òròmọdìẹ tí ọrùn rẹ̀ kò níyẹ́, ọbẹ̀ ni tirẹ̀. "Igún" ló ń pè é. Kò ní fi ṣe àlejò, kò ní gbé e lọ sí ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì ní jẹ́ kó dàgbà débi tí yóò bímọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ìyá àdúgbò wa ń ṣe. Ọwọ́ ara wa la fi ń yọ àwọn tí ooru kì í mú kúrò láàárín adìẹ wa, a ò mọ̀.

Nígbà tí ìyá mi kú, adìẹ bọ́ sọ́wọ́ bàbá mi. Bàbá mi tí kò bu omi fún adìẹ rí láyé rẹ̀! Kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti máa fọ́n ọkà bàbà sílẹ̀, á máa bá wọn sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Kò fẹ́ kí irú adìẹ ìyàwó rẹ̀ parun mọ́ òun lọ́wọ́. Ìfẹ́ yìí náà ló mú un ra àkùkọ àgíríìkì funfun kan, alára ńlá, kí àwọn ọmọ lè tètè tóbi.

Wọ́n tóbi lóòótọ́. Nígbà ọyẹ́, bàbá mi ń fi wọ́n yangàn fún gbogbo ẹni tó bá yà sílé. Ooru wá dé, iná mànàmáná kò sì sí. Àwọn alára ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́sàn-án gangan, àkùkọ náà kú tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí òjò fi máa rọ̀, àgbébọ̀ alámì tótòtótó kan ṣoṣo ló kù.

"Ṣé àìsàn ni?" Èmi ni bàbá mi bi, nítorí báọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Zoo Road.

"Rárá, Dádì, ooru ni. Èyí tó bá ń yára dàgbà, ara rẹ̀ máa ń gbóná jù, ìyẹ́ ò sì jẹ́ kí ooru yẹn jáde."

Ó mi orí. "Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀."

Adìẹ kì í làágùn, ṣùgbọ́n mi ò já a níyàn. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ.

Mo sọ fún un pé télọ̀ kan wà ní Gwagwarwa tó ní àkùkọ tí kò níyẹ́ lọ́rùn.

"Igún? Nínú adìẹ ìyá ẹ?"

"Jíìnì ni, Dádì. Tí bàbá nìkan bá ní in, àwọn ọmọ lè gbà á. Ọrùn tó ṣí sílẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn lára."

"Kò ní fẹ́ràn ẹ̀."

"Ṣé ó máa fẹ́ kí wọ́n parun ni?"

Inú bí i, inú bí èmi náà. Alágídí ni wá. Níkẹyìn, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Gwagwarwa fúnra rẹ̀. Nígbà tó máa gbé àkùkọ náà bọ̀, ó ti fi áńkáṣífì so ọrùn rẹ̀ kí àwọn aládùúgbò má bàa rí i. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àgbébọ̀ alámì tótòtótó bímọ fún àkùkọ náà: àwọn kan níyẹ́ lọ́rùn, àwọn kan kò ní. Ooru ọdún tó tẹ̀ lé e pa àgbébọ̀ náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó níyẹ́ lọ́rùn. Ó dùn mí gan-an. Àwọn ọlọ́rùn ìhòòhò ń tan ilẹ̀ kiri nínú oòrùn bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà Kérésì, àbúrò ìyá mi wá kí wa. Kò tíì jókòó tó fi bú sẹ́rìn-ín.

"Haba, bọ̀dá! Ẹ̀yin náà ń sin igún? Sista mi ì bá ti fi èyí se pẹ́pẹ́ súùpù tipẹ́."

Bàbá mi ò bínú. Ó kàn gbá ọ̀kan mú, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Wo ara ẹ̀ dáadáa."

Àǹtí mi wò ó. Ó fọwọ́ ra àwọn àmì funfun tótòtótó orí ìyẹ́ pupa yẹn, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Adìẹ màámi nìyí."

"Òun ni," bàbá mi dáhùn. "Ọrùn nìkan la yá."