Ẹyin Ọjọ́ Dóńgóyárò

"Rùqáyyà, ẹyin tí o máa ń pín lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, ṣé ìwọ náà ń jẹ nínú ẹ̀?"

Áfáà Sàláhúdéènì ló bi í bẹ́ẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní àdúgbò Ayigya. Rùqáyyà rẹ́rìn-ín. "Áfáà, ta ló ń jẹ sàráà ara ẹ̀?" Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kumasi ni Rùqáyyà. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, adìyẹ tó ń sìn lẹ́yìnkùlé ló fi ń jẹun. Ewé ni oògùn tirẹ̀. Mòríńgà tó sá sí ibòji, tó gún kúnná, ló ń pò mọ́ oúnjẹ wọn, kí pupa ẹyin lè pọ́n dáadáa, kí èèpo rẹ̀ sì le. Torí ẹ̀ làwọn tó ń dín ẹyin tà fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe ń wá a wá. Ṣùgbọ́n bí aràn bá yọ adìyẹ lẹ́nu, ewé dóńgóyárò ló ń fún wọn, ẹyin ọjọ́ wọ̀nyẹn a sì máa korò díẹ̀. Kì í tà wọ́n, nítorí oníbàárà á dá wọn padà. Kì í dà wọ́n nù, nítorí oúnjẹ ni. Ó ń kó wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ń fi wọ́n ṣe sàráà. Kò sẹ́ni tó ń dá sàráà padà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbọ́ pé inú ń run Bàlkísù, ìyàwó Úthmàn tó jẹ́ télọ̀, pẹ̀lú oyún oṣù méje, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ọsibítù ní Bantama. Àwo tí Rùqáyyà ń fọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àná yìí náà ni Bàlkísù gba ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń dúpẹ́ pé ẹyin gan-an lọkàn òun ń fà sí. Láti kékeré sì ni Rùqáyyà ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé dóńgóyárò kò dára fún aboyún.

Nínú tòrótòró, ọkọ̀ èrò tó gbé e lọ sí Bantama, ó ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu débi pé obìnrin tó jókòó tì í sún kúrò. Màá sọ. Mi ò ní í sọ. Bóyá kò tíì jẹ ẹ́. Bí ọkọ̀ bá dúró, àyà rẹ̀ á já. Bó bá tún gbéra, á já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ọsibítù, Úthmàn dìde fún un. "Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́ Màámà, ẹ jókòó. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹyin yín nìkan ló rí jẹ láti àná. Ó ní ó korò, mo ní ẹnu oyún ni."

Rùqáyyà ń rò ó. Bó bá sọ, ta ni yóò tún ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀? Bí kò bá sọ, tí oyún bá wá bàjẹ́ ńkọ́?

"Kì í ṣe ẹnu oyún, Úthmàn. Dóńgóyárò ni mo fún àwọn adìyẹ. Lọ sọ fún dókítà."

Úthmàn wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Ẹ mọ̀, ẹ sì fún un?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó sáré wọlé.

Dókítà ò sọ pé ẹyin ló fà á, kò sì sọ pé kì í ṣe ẹyin. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, inú rírun náà ti lọ sílẹ̀, wọ́n sì ní ọmọ ń mira. Rùqáyyà wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àgbà bíi tirẹ̀.

"Bàlkísù, dárí jì mí."

Bàlkísù yíjú sí ògiri. "Ẹ dìde, Màámà. Èmi kọ́ lẹ máa bẹ̀. Tó bá wá sáyé láàyè, kẹ́ ẹ wá bẹ òun."

Ó ku oṣù méjì. Láti ọjọ́ yẹn, bí fóònù bá dún, Rùqáyyà kì í lè gbé e. Ó jẹ ọmọ tí a ò tíì bí ní gbèsè ẹ̀bẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá òun á rí i san.